Kí ìjọba fi àdéhùn àwọn oní-rọ́kẹ́ẹ̀tì hàn wá



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò kàn wá.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páìpù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango-Ọ̀tà níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a jáde lọ jẹun ọ̀sán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi hàn wá nínú fóònù rẹ̀ bí rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX ti Amẹ́ríkà ṣe lọ sókè, tó tún padà wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró sílẹ̀. Gbogbo wa pariwo. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe irú nǹkan báyìí ni wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Èyí kì í ṣe ti sójà. Oníṣòwò aládàáni ló ni ín. Òun náà ló ń fún wa ní Starlink."

Ọmọ náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àgbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ náà ló ń rọ idà fún jagunjagun. Iná kan náà ni, ẹwìrì kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì rí. Agbára tó lè gbé sátẹ́láìtì dé òfuurufú lè gbé bọ́ǹbù dé òdìkejì ayé. Ohun tí wọ́n bá gbé lé e lórí ni yóò sọ orúkọ tí a óò pè é.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé wò ó. Ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003 ni sátẹ́láìtì wa àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, lọ sókè, nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó ní oko ní Ọ̀tà wa níbí, jẹ́ Ààrẹ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Kosmos-3M ti Rọ́ṣíà ló gbé e, ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun R-14 ni wọ́n sì ti mú Kosmos náà jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, rọ́kẹ́ẹ̀tì Dnepr ló gbé NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X. Èyí tiẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dnepr kì í ṣe ọmọ rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun, òun gan-an ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun! Ìjọba Sófíẹ̀tì ló ṣe é láti fi gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì. Nígbà tó yá, wọ́n yọ bọ́ǹbù kúrò lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Kosmotras sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé ẹrù fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́.

Mi ò sọ pé a ṣe ohun tó burú. Ó sàn kó gbé sátẹ́láìtì ju kó gbé bọ́ǹbù lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe rọrùn láti ti ogun bọ́ sí òwò, bẹ́ẹ̀ náà ló rọrùn láti ti òwò padà sí ogun. Ìlú Dnipro ní Ukraine ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà. Ní ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, Rọ́ṣíà fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun tuntun tí wọ́n ń pè ní Oreshnik lu ìlú yẹn, Ààrẹ Putin fúnra rẹ̀ sì sọ pé ilé-iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ni àwọn dojú kọ. Àwa tí a ń gbé láàárín ilé-iṣẹ́ ní Sango-Ọ̀tà, ẹ jẹ́ ká ro ó wò.

Ní ti aládàáni gan-an, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ti wá dán tirẹ̀ wò. Ní nǹkan bí ọdún 1975, ará Jámánì kan, Lutz Kayser, dá ilé-iṣẹ́ OTRAG sílẹ̀. Kurt Debus di alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Debus yìí ló wà nínú àwọn tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun V-2 fún Hitler, òun náà ló tún di olórí ibùdó tí Amẹ́ríkà ti rán ènìyàn lọ sínú òṣùpá. Páìpù gbọọrọgbọọrọ ni wọ́n dì pọ̀ bí ìdì igi láti fi ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Kẹrosíìnì àti ásíìdì ló ń jó nínú rẹ̀, mọ́tò wáípà tí ń nu gíláàsì ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣí ọ̀nà epo. Èmi oní-páìpù, nígbà tí mo kà á, ẹnu yà mí.

Àdéhùn tí Jámánì ṣe lẹ́yìn ogun kò fẹ́ kí wọ́n máa ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun tó ń lọ jìnnà. OTRAG bá gba Zaire lọ. Mobutu fún wọn ní ilẹ̀ ní Shaba, nǹkan bí 100,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, títí di ọdún 2000. Ẹ kó Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pọ̀, wọn ò tó o. Ta ló sì jẹ́ bi Mobutu léèrè? Wọ́n yin ti àkọ́kọ́ sókè ní oṣù karùn-ún 1977. Èyí tí wọ́n yìn ní oṣù kẹfà 1978 kùnà níṣojú Mobutu fúnra rẹ̀. Sófíẹ̀tì ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní rárá o, ti sátẹ́láìtì ni. Nígbà tí ariwo pọ̀, Mobutu ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ní 1979. Wọ́n kó lọ sí Líbíà, lọ́dọ̀ Gaddafi, ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn wá di ìlọ́po méjì. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé.

Mi ò lè sọ pé OTRAG ṣe bọ́ǹbù. Ohun tó dùn mí ni pé ilẹ̀ tó tóbi tó yẹn bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò, àwọn tó ni ilẹ̀ kò sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn, pé rọ́kẹ́ẹ̀tì òwò òde òní, tí ọjọ́ tí yóò lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ epo sí i, kò wúlò fún sójà. Òótọ́ ni pé sójà ń fẹ́ èyí tó lè wà nínú ihò ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ǹbù nìkan ni a fi ń jagun. Ojú àti etí ń kọ́? Láti oṣù karùn-ún 2017 ni SpaceX ti ń gbé sátẹ́láìtì àwọn amí Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá 2022, wọ́n kéde Starshield, irú Starlink tí wọ́n ṣe fún ìjọba àti ààbò ìlú. Ní Ukraine, Starlink ni àwọn ọmọ ogun fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Elon Musk tó ni ilé-iṣẹ́ náà sì sọ fúnra rẹ̀ ní 2023 pé wọ́n bẹ òun kí òun tàn án dé Sevastopol ní Crimea, òun kò gbà. Bóyá ó ṣe dáadáa, bóyá kò ṣe dáadáa, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ẹnì kan tí kò sẹ́ni tó dìbò fún ló ń pinnu ibi tí ogun lè dé!

Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1967 lórí òfuurufú sọ pé orílẹ̀-èdè ni yóò dáhùn fún ohun tí ilé-iṣẹ́ aládàáni rẹ̀ bá ṣe lókè. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì yí ayé po. Ṣùgbọ́n kò ní kí sójà má fi sátẹ́láìtì ṣọ́ ènìyàn. Ihò tí wọ́n ń gbà kọjá nìyẹn.

Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìn-ín-ní 2023, àwa la kọ́kọ́ gbà á ní Áfíríkà. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ìjọba fún. Èkíní, àdéhùn yòówù tí wọ́n bá bá oní-rọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí oní-sátẹ́láìtì ṣe, kí àwọn aṣòfin kà á, kí ìwé ìròyìn sì gbé e jáde. Èkejì, kí wọ́n má so gbogbo wa mọ́ okùn ẹnì kan ṣoṣo. NigComSat-1R tiwa lọ sókè ní oṣù kejìlá 2011, ọdún 15 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ka á fúnra yín. Ẹ̀kẹta, a ní ibùdó ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa ní Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n sọ fún aráàlú ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti sójà, kò burú, sójà ló ń ṣọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe idà ní ọkọ́ fún wa.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n má lo Starlink mọ́ ni?" Mo ní kó máa lò ó, ṣùgbọ́n kó mọ ẹni tó di okùn rẹ̀ mú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ páìpù,
Sango-Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn.