Ọkọ̀ Tí Ń Kúnlẹ̀ Lóru

Ìyá kan ní Ajah, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó kọ̀wé sí wa. Ó ní ọkọ̀ Mercedes W220 tí olóògbé ọkọ òun fi sílẹ̀ a máa dúró ṣánṣán bí òun bá ti ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ dé, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, iwájú rẹ̀ lápá òsì a ti lọ sílẹ̀ bí ẹni tí ó fi eékún kan kúnlẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí òun ra ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó náà sì fẹ́rẹ̀ gbé owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ òun lọ.

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ì tíì tú àpò.

Irú ọkọ̀ yìí, tí a ṣe láti 1998 títí di 2005, kò gbé ara lé sípíríìǹgì irin. Rọ́bà tí ó kún fún afẹ́fẹ́ ni ó gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ró. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà, àpótí fáàfù sì ń pín in. Nígbà tí rọ́bà bá dàgbà, a máa sán níbi tí ó ti ń ká.

Bí igun kan ṣoṣo bá ń lọ sílẹ̀, rọ́bà igun náà tàbí ẹnu páìpù rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kí ni mẹ́ta yòókù ṣe? Bí iwájú méjèèjì bá jùmọ̀ lọ sílẹ̀, ẹ yẹ àpótí fáàfù wò. Bí gbogbo ọkọ̀ bá balẹ̀ tí kò sì dìde mọ́, kí a wo fíúsì kí a tó dá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lẹ́bi.

Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí rọ́bà àti ẹnu páìpù nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra sókè. Ibi tí ó bá ń hó, níbẹ̀ ni ó ti ń jò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ tàbí jáàkì nìkan gbé ró: lójijì ni ó ń balẹ̀, ó sì ń pani.

Ẹ má sì ṣe fi í falẹ̀. Ìjò kékeré a máa mú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná. Ìnáwó kan á wá di méjì.

Àdúgbò wa, tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, kò ṣàánú irin. Iyọ̀ inú atẹ́gùn àti àgbàrá òjò a máa ba sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn gíga ọkọ̀ jẹ́, ọkọ̀ tí kò jò rárá a sì tẹ̀ sí apá kan. Èyí, kọ̀ǹpútà ayẹ̀wò ni yóò fi hàn.

Bí ó bá di dandan kí ẹ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, kí wọ́n na rọ́bà náà lójú yín kí ẹ tó sanwó; inú ìká rẹ̀ ni ó máa ń fi sísán pamọ́ sí.