Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Ṣọdún Odò Ìkotà

Ẹ̀yin ará Igbó Ẹfọ̀n ní Lẹ́kí, nílùú Èkó, onílé àti ayálégbé, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá: kí á ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún odò Ìkotà àti àwọn kánààlì àdúgbò wa, kí á jáde síbẹ̀ tìlù tìfọn, pẹ̀lú oúnjẹ àti ṣọ́bìrì. Ẹlòmíràn á ní, odò tó ń rùn, ta ní í ṣọdún rẹ̀? Òórùn yẹn gan-an ló fi yẹ bẹ́ẹ̀.

Àárín òkun àti ọ̀sà la tẹ̀dó sí, ilẹ̀ wa sì rẹlẹ̀. Bí ọ̀sà bá kún, omi òjò kì í tètè rọ́nà lọ. Àbàtà tó ń gbà á dúró tẹ́lẹ̀, típà ti da iyanrìn sí i, ilé sì ti hù níbẹ̀. Gbogbo wa la rí bí títì Lẹ́kí ṣe di odò lóṣù Keje ọdún 2017. Lọ́dún 2023, ìjọba Èkó, lábẹ́ Tokunbo Wahab tó jẹ́ kọmíṣánnà fún àyíká, sàmì sí ohun tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi ní Ìkotà, Ọ̀ṣápà àti Agúngi, katakata sì tẹ̀ lé e. Èmi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n katakata wá, ó lọ. Bí típà bá tún yọ́ dé lóru, ta ni yóò rí i? Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ẹ́sítéètì ni odò wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ rí.

A ti fi ìbẹ̀rù ṣe ìmọ́tótó rí. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, wọn a ní kí oníkálukú jókòó sílé títí aago mẹ́wàá, a ó sì gbá gọ́tà nítorí ọlọ́pàá. Nígbà tí ìjọba fòpin sí ìsémọ́lé yẹn lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ wa ju ìgbálẹ̀ nù.

Ayẹyẹ lè ṣe ohun tí ìbẹ̀rù kò lè ṣe: ẹ wo Òṣogbo. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn, wọ́n ń gégi, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun tó jẹ́ èèwọ̀. Susanne Wenger, ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olóríṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, tún ojúbọ ṣe, wọ́n sì mọ ère sí etídò. Lọ́dún 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé. Ẹsẹ̀ èrò tó ń wọ́ lọ síbẹ̀ fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ajagungbalẹ̀ rí i gbé mì. (Ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀: n kò ní kẹ́nikẹ́ni bọ odò. Bí a bá ṣe ìdíje ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà, kò ba ẹ̀sìn jẹ́.)

Síbẹ̀, Ọ̀ṣun ń ṣọdún, omi rẹ̀ sì ń pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ijó nìkan kò fọ odò. Nítorí náà, ọjọ́ ọdún tiwa gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìjíhìn. Kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dìde níwájú ìlú, kí wọ́n sọ ibi tí omi sọ́kàwéè wọn ń gbà. Ìjọba ti fòfin de ike fóòmù láti ọdún 2024, ó dáa. Àmọ́ kí á má di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá olóńjẹ, nígbà tí páìpù ilé alájà mẹ́ta ń tú ìgbẹ́ sínú kánààlì láìdáwọ́ dúró. Ibi tí katakata sì ti là, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni kó dà, kì í ṣe ìsọ̀ tuntun.

Oṣù Kejì ni mo fẹ́, kí òjò tó dé, kí ẹrẹ̀ tí a bá kó lè ṣàǹfààní. Kí àwọn olóyè, ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù pe ìpàdé. Ohun tí ìpàdé àkọ́kọ́ yóò yanjú kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ́sítéètì wo ni yóò kọ́kọ́ ṣí géètì ẹ̀yìn rẹ̀ fún ará ìlú láti dé etí omi?