Ẹ Wo Náírà Yín Dáadáa Kí Ẹ Tó Ná An

Ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ ló gba ẹnu gbogbo wa ní SS2 báyìí. Wọ́n ní ẹnì kan wà lórí fóònù tó ń ra náírà mẹ́wàá oníbébà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àmọ́ kí èèyàn kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Èmi ò gbà o. Níbo lẹ ti rí i tí oníbàárà ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà? Òfin Báńkì Àpapọ̀ ọdún 2007 pàápàá, ní abala 21, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa ta náírà. Abala yẹn náà ló de àwọn tó ń náwó lóde àríyá: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kí a kó o jọ láti fi kẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ni mo fara mọ́.

Ẹ mú náírà mẹ́wàá. Tíṣà ló wà níwájú rẹ̀, Alvan Ikoku, tó dá ilé ìwé Aggrey Memorial sílẹ̀ ní Arochukwu. Oríṣi mẹ́ta lẹ lè fi ojú lásán mọ̀. Bébà tó ní lẹ́tà Lárúbáwá lára ti wà ṣáájú 2007. Lọ́dún yẹn, wọ́n yọ lẹ́tà náà, wọ́n fi ABD kọ Hausa. Ní 2009 ni onírọ́bà dé. Náírà ogún ti ṣáájú rẹ̀ di rọ́bà ní 2007. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí Ladi Kwali tó ń mọ ìkòkò. Ṣé ẹ ti wò ó rí?

Ọgọ́rùn-ún náírà náà ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2014 fún ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù lè kà. Awólọ́wọ̀ ṣì ni. Ẹ tún wo ìbuwọ́lùwé gómìnà báńkì: ti Soludo kì í ṣe ti Emefiele.

Àwọn àgbà á ní owó kì í ṣe ohun ìṣeré, pàápàá lẹ́yìn ìyà tí àìrí owó fi jẹ wá ní 2023. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kó ẹgbẹ̀rún náírà pa mọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí lára rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì ná an. Àwọn kékeré ló yẹ ká tọ́jú, márùn-ún àti mẹ́wàá, torí àwọn ìyá ọlọ́jà wa kì í fẹ́ gbà á mọ́. Súìtì ni wọ́n fi ń ṣe ṣéńjì.

Mo bẹ tíṣà Hísítìrì wa kí wọ́n fún ẹgbẹ́ oníròyìn ní àyè kan ní láíbìrì fún álíbọ́ọ̀mù kan. Ẹyọ kan fún oríṣi kan, ó tó. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí pínnì, kò sì sí bírò lára owó. Náírà mẹ́wàá onírọ́bà ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá rí èyí tó ní lẹ́tà Lárúbáwá nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí.