Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Wá Ọ̀nà

Bí àgbà bá pa àlọ́ àpamọ̀ fún ọmọ ní alẹ́, kì í yára sọ ìtumọ̀ rẹ̀. A jẹ́ kí ọmọ náà rò ó títí, kí ó dáhùn kí ó má ṣe é re, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ó sì tún un rò. Nígbà tí ọmọ náà bá wá já a fúnra rẹ̀, ayọ̀ tí ń hàn lójú rẹ̀ kò ṣeé fi owó rà. Kì í ṣe ìtumọ̀ àlọ́ nìkan ni àgbà náà fún un. Ó fún un ní sùúrù, ó sì fún un ní ìgboyà láti tún gbìyànjú lẹ́yìn tí ó ti kùnà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn wa bí a ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí nípa eré kọ̀ǹpútà kan tí ó ti pẹ́, tí ó sì le, ṣùgbọ́n tí àwa gbà pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Colossal Cave Adventure ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwòrán, kò ní orin, kò sì ní ìbọn tí ń dún. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Kọ̀ǹpútà yóò sọ ibi tí ènìyàn dúró sí àti ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣeré yóò fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe: kí a mú fìtílà, kí a ṣí ilẹ̀kùn, kí a lọ sí ìlà-oòrùn. Kọ̀ǹpútà yóò sì sọ ohun tí ó ti ìdí rẹ̀ yọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa bá a lọ nínú ihò ńlá kan ní abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ìṣúra mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà, tí ewu sì pọ̀ ju ìṣúra lọ.

Ihò náà kì í ṣe ti inú àlá. Ọ̀gbẹ́ni Will Crowther, ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ eré yìí láàárín ọdún 1975 sí 1976, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Bolt Beranek and Newman ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ó ṣe àwọn ẹ̀rọ tí ó so kọ̀ǹpútà ìlú kan mọ́ ti ìlú mìíràn nínú ARPANET, èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì òde òní ti ara rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, inú àwọn ihò ilẹ̀ Kentucky ni ó máa ń wọ̀. Òun àti aya rẹ̀, Patricia, wà lára àwọn tí ń ya máàpù àwọn ihò náà. Ní ọdún 1972, Patricia wà nínú ẹgbẹ́ tí ó rí ọ̀nà tí ó so àwọn ihò Flint Ridge pọ̀ mọ́ Mammoth Cave, ihò tí ó gùn jù lọ nínú gbogbo èyí tí ayé mọ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn túká, bàbá náà wá eré tí yóò dùn mọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, ó sì kọ ihò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1977, Ọ̀gbẹ́ni Don Woods, tí ó wà ní Yunifásítì Stanford, rí iṣẹ́ náà, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ Crowther, ó sì fi ohun púpọ̀ kún un. Láti ìgbà náà ni eré náà ti tàn ká. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ṣe àwàdà pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi dúró nítorí rẹ̀.

Ìṣòro eré náà kò kéré. Inú ihò ṣókùnkùn, bátìrì fìtílà kò sì ní í wà títí láé. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ènìyàn bá fi ṣòfò ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rìn láìsí ìmọ́lẹ̀ lè já sí kòtò, kí ó sì kú. Ohun méje péré ni ènìyàn lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó di dandan kí ó yan èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Àwọn aràrá a máa yọ láti inú òkùnkùn, wọn a sì máa sọ ọ̀bẹ luni. Olè kan wà níbẹ̀ tí ń jí ìṣúra tí a ti fi òógùn kó jọ. Ejò ńlá kan dínà ní gbọ̀ngàn kan, kò sì sí ohun ìjà tí ó ràn án. Ẹyẹ kékeré kan wà ní iyàrá mìíràn, ẹni tí ó bá fẹ́ mú un lè rí i pé ẹ̀rù ohun kan ń ba ẹyẹ náà. Kí ni ohun náà? Kí sì ni ẹyẹ kékeré ní í ṣe pẹ̀lú ejò ńlá? A kò ní í sọ ọ́ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó wọlé lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n a ó tú ọ̀kan nínú àwọn àdìtú náà, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ibìkan wà nínú ihò náà tí àwọn ọ̀nà ti lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun àgbò. Bí ènìyàn bá kúrò ní iyàrá kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni kọ̀ǹpútà yóò fi júwe méjèèjì. Bí ó bá lọ sí ìlà-oòrùn, tí ó sì padà sí ìwọ̀-oòrùn, kò dájú pé ibi tí ó ti kúrò ni yóò padà dé. Ẹni tí ń kánjú yóò máa yí po níbẹ̀ títí fìtílà rẹ̀ yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò ṣe bí ọdẹ tí ń ṣá igi ní àmì nínú igbó tí kò mọ̀. Yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní iyàrá kan, yóò fi ìgò sílẹ̀ ní èkejì, yóò fi àgò sílẹ̀ ní ẹ̀kẹta. Yóò sì mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, yóò máa ya ọ̀nà láti ọ̀kan dé èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ibi tí ó jọra yóò máa yàtọ̀ síra lójú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ti ya irú máàpù bẹ́ẹ̀ rí ti kọ́ ọgbọ́n tí yóò wúlò fún un ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ọjà àti ní ẹnu iṣẹ́: pé ìdààmú ńlá a máa di kékeré bí a bá fi àmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun mìíràn tún wà nínú eré náà tí ó wú wa lórí. Bí ènìyàn bá ti pẹ́ jù ní àwọn ibi kan, kọ̀ǹpútà a bi í bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ní í ràn án lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. A kọ́kọ́ sọ iye máàkì tí ìrànlọ́wọ́ náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú eré ti ọdún 1977, 350 ni gbogbo máàkì. Ẹni tí ó bá ti ra ìrànlọ́wọ́ kò tún lè pé 350 mọ́. Ẹ wo òtítọ́ tí ó wà nínú ìyẹn! Ìrànlọ́wọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń náni, ó sì yẹ kí ènìyàn mọ iye rẹ̀ kí ó tó gbà á.

Lóde òní, wọ́n ti fi iye náà pa mọ́ fún wa, ṣùgbọ́n a ṣì ń san án. Ọmọ tí ejò dí lọ́nà kò ní láti ro ohunkóhun. Yóò tẹ ìbéèrè rẹ̀ sórí fóònù, gbogbo ìdáhùn eré náà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìparí, yóò sì tò síwájú rẹ̀. Bí ó bá sì bi àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, wọn yóò bá a rò ó kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bí ó ti ń ṣe sí eré ni yóò máa ṣe sí ìṣirò àti sí ìwé kíkà rẹ̀. Kò pẹ́, kò jìnnà, ọmọ náà yóò gbàgbọ́ pé ohun tí kò bá ní ìdáhùn lójú ẹsẹ̀ kò ní ìdáhùn rárá.

Ọwọ́ tiwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a jókòó ti eré náà, ẹyẹ àti ejò gbà wá ní ìrọ̀lẹ́ méjì, a sì hó yèè bí ọmọdé nígbà tí a já a. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dírágónì, ó ti rẹ̀ wá, a sì lọ wo ìdáhùn. Dírágónì náà kú lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò hó. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó pa á, àwa kàn dúró wò ó ni. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ìdáhùn náà kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ, a bá sì ti mọ̀ ọ́n bí a bá mú sùúrù di ọjọ́ kejì. Àyè láti já a fúnra wa ti lọ, kò sì ní í padà wá.

Àwọn kan yóò sọ pé eré náà rorò jù. A gbà pẹ̀lú wọn. Máàkì kan ṣoṣo wà nínú 350 náà tí ènìyàn kò lè rí gbà àfi bí ó bá fi ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní ibìkan pàtó, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ó tọ́ka sí i. Ẹni tí ó bá ṣe gbogbo ohun yòókù láìsí àṣìṣe yóò dúró sí 349. Irú èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìyọlẹ́nu ni. Àwọn mìíràn yóò rán wa létí pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbéra nílé ni ń béèrè ọ̀nà. Ẹni tí ó jókòó sínú ilé, tí ó ní kí a júwe ìlú náà fún òun, kò tí ì rin ìrìn àjò kankan. Kí ọmọ kọ́kọ́ làágùn. Lẹ́yìn náà, bí ó bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí òun náà ń wá ọ̀nà, kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀.

A kò sì lè fi owó ṣe àwáwí. Ní ọdún 2017, Ọ̀gbẹ́ni Eric S. Raymond, pẹ̀lú àṣẹ Crowther àti Woods, gbé ẹ̀dà eré náà ti ọdún 1995 jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ẹ̀rọ àgbà tí ó ń gba eruku ní igun ilé-ẹ̀kọ́ lè gbé e. Bí a bá sì ti gbé e sórí ẹ̀rọ tán, kò ní í jẹ dátà ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, a rọ̀ yín: ẹ bá àwọn ọmọ yín jókòó tì í, ẹ gbé ìwé àti pẹ́ńsùlù síwájú wọn, kí ẹ sì gbé fóònù sí iyàrá mìíràn. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ó kàn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti dán wò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wọn ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ má sì fi máàkì fún ẹni tí ó kọ́kọ́ dé òpin, bí kò ṣe ẹni tí máàpù rẹ̀ dára jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ihò tí Crowther mọ̀ ni ó kọ. Àwa náà ní Òkè Ìdànrè, a ní abẹ́ àpáta Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun ní nǹkan bí ọdún 1830. Ẹ kọ tiwa, ní èdè Yorùbá, kí ọmọ wa lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé, «Mú fìtílà,» kí ó sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá sì kọ ọ́ tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé.