Ọdún Kan ní Nagoya, Pátákó Kan ní Ẹ̀gbẹ́dá

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n òwe náà ti dojú dé láàrin wa. Ọmọ tí ó bá dé oko ẹlòmíràn lóde òní, ńṣe ni ó ń padà wá sọ pé kò sí oko tí ó burú tó ti baba òun. N kò bá irú èyí wá. Èmi lo ọdún kan gbáko ní ìlú Nagoya ní ilẹ̀ Jàpáànù, mo rí oko wọn, ó sì dára. Ohun tí mo wá sọ ni pé ọkọ́ tí wọ́n fi ro ó, irú rẹ̀ wà ní àjà ilé wa. Àwa ni a sọ ọ́ di ohun ìtìjú.

Láti ìgbà tí mo ti dé sí Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn ènìyàn ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin wọn kì í pẹ́? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹja tútù láìsè é? Èló ni wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́? Mo ń dá wọn lóhùn bí mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé èdè ìyá wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Wọ́n á ní, “Jàpáànù nìyẹn. Èwo ni ti Yorùbá níbẹ̀?” Ẹ̀rín yẹn ni ó mú mi gbé kálàmù.

Oṣù kẹrin ni mo dé ọ̀hún. Òfin wọn ni pé kí àlejò tí yóò gbé ìlú lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àdúgbò kí ọjọ́ 14 tó pé. Mo lọ. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, n kò sì mọ ibi tí a ń kọ orúkọ sí nínú rẹ̀. Èmi tí mo ti gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo dúró níbẹ̀ bí ìyá arúgbó tí ń tẹ̀ka ní báńkì. Obìnrin akọ̀wé kan, àgbà tí ó tó ìyá mi í bí, ń fi ìka tọ́ ojú ìwé náà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé pàǹtí mi síta. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti kó ti gbogbo ènìyàn lọ, tèmi nìkan ni ó kù, wọ́n sì lẹ ìwé kan mọ́ ọn lára. N kò lè ka ìwé náà. Aládùúgbò mi ni ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi pé èyí tí iná ń jó kì í bá èyí tí iná kì í jó gbé inú àpò kan náà. Ẹni tí ó bá ti gba iwájú ààtàn Solous ní Ìgàndó kọjá rí yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ sí mi ni. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ́ ọ títí ẹnì kan fi rí ọ̀nà gbé e gbà tí ó fi yé mi.

Nígbà tí ó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè wọn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin tí a jọ kàwé mọ̀ mí: èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ nọ́wọ́ sókè. Ní Nagoya, ẹ̀yìn kíláàsì ni mo ń jókòó. Bí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, mo mọ ìdáhùn rẹ̀ nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n kí n tó to ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹlòmíràn ti dáhùn. Wọ́n rò pé mo jẹ́ onítìjú. Àwọn mìíràn lè ti rò pé orí mi kò jí pépé. N kò gọ̀. Èdè ni kò tíì yé mi. Nígbà òtútù, tí afẹ́fẹ́ Ibuki ń bọ̀ láti orí òkè tí ó ń géni bí abẹ, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé, mo sì ń rò ó pé: bí àgbàlagbà tí ó ti gba oyè bá lè di òpè nítorí èdè nìkan, kí ni a ń fi ojú ọmọ ọdún mẹ́ta rí ní ilé ẹ̀kọ́ wa?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ wọn kan wà tí í jẹ́ “hashi”. Bí ohùn bá lọ síhìn-ín, igi ìjẹun ni. Bí ó bá lọ sọ́hùn-ún, afárá ni. Olùkọ́ pè é, ó tún un pè, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti ilẹ̀ mìíràn kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Èmi gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó ti ń sọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ láti ìgbà tí ó ti ń rá, kí ni yóò ṣe tí kò ní gbọ́ ọ? Ọjọ́ náà ni Yorùbá kọ́kọ́ gbè mí nínú kíláàsì láyé mi. Nagoya ni ó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Ẹ̀gbẹ́dá.

Ní ìlú Nagoya yìí ni a bí Toshihide Maskawa ní 1940, ibẹ̀ náà ni ó ti ka yunifásítì. Ní 2008, òun àti Makoto Kobayashi, tí ó kàwé ní yunifásítì kan náà, àti Yoichiro Nambu ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ físíìsì. Nígbà tí Maskawa dìde láti sọ̀rọ̀ ní Stockholm, ó tọrọ gáfárà pé òun kò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi èdè Jàpáànù sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ ìwé tí òun àti Kobayashi kọ ní 1973 jáde, nítorí kí àwọn ará ìta lè kà á. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò èdè ìyá rẹ̀ ni ó ti se ọbẹ̀ náà. Àwo tí ó fi gbé e fún àlejò ni Gẹ̀ẹ́sì. Ní tiwa, ẹni tí kò bá lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, a ti ka ọpọlọ rẹ̀ sí òfìfo kí ó tó ya ẹnu. Ẹ dúró ní ìkóríta Ìkòtun kí ẹ wo iye Toyota tí ó ń kọjá. Ẹ̀bá Nagoya ni ilé iṣẹ́ náà wà. Ta ni nínú wa tí ó ti kọ̀ láti wọ̀ ọ́ nítorí pé àwọn tí ó ṣe é kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Ọlọ́run ni ó dá èdè wọn mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, irọ́ ni ó ń pa. Wọ́n jókòó tì í ni. Ní 1774, Sugita Genpaku àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ìwé àwọn ará Holland kan lórí ẹ̀yà ara ènìyàn. Wọn kò ní orúkọ fún àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri ara. Wọ́n ṣẹ̀dá “shinkei”, ọ̀rọ̀ náà ni àwọn dókítà wọn ń lò títí di òní. Ní 1872, Mori Arinori, tí í ṣe aṣojú ilẹ̀ Jàpáànù ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí ọ̀mọ̀wé kan níbẹ̀ nípa fífi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò èdè ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti jọra! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, Baba Tatsui, ni ó dá a lóhùn ní 1873. Ó kọ ìwé gírámà èdè Jàpáànù láti fi hàn pé èdè náà pé, ó sì kìlọ̀ pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá di èdè ìjọba àti ti ẹ̀kọ́, ògiri yóò dìde láàrin olówó àti tálákà. Mori di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1885, síbẹ̀ èdè Jàpáànù ni ilẹ̀ náà fi kọ́ ọmọ rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Ní 1843, ọgbọ̀n ọdún kí Baba Tatsui tó gbé ìwé tirẹ̀ jáde, Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní 1859, ìwé ìròyìn ti ń jáde ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. A kò pẹ́ dé ọjà. Ẹrù wa ni a kò tú.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń bọ Jàpáànù. Àwọn náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn. Ní àwọn erékùṣù Okinawa, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Tokyo. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ láyé àtijọ́, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n a máa gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn, yóò sì gbé e kiri títí yóò fi rí ọmọ mìíràn tí ó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2009, àjọ UNESCO ka àwọn èdè erékùṣù wọ̀nyí mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu ìparun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ìyá ìyá wọn ń sọ mọ́.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí ní Nagoya, ojú tì mí fún wọn. Ojú náà tì mí padà nígbà tí mo délé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, dé láti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ti gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn pẹ̀lú okùn, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé òun ń sọ fanákúlà. Kí ni ó sọ? Omi ni ó tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀, mo ní, “Àǹtí mi, ẹ kò bá wọn wí?” Wọ́n ní, “Àbúrò, nítorí kí ó lè mọ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣe ń sanwó. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n tán, òun ni ó gbé ọ dé Jàpáànù.” N kò rí èsì fọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Èsì mi nìyí.

N kò ní kí a lé Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ ni mo ń bá jà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ilẹ̀ wa ni ó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Nagoya.

Láti 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ń sọ pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó pé ọdún mẹ́ta, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Túnjí Àlàúsá kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé èdè abínibí ni ó ń mú kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ gbà mí o! Àwọn tí ó ti ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ní 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìlànà 2022. Báwo ni ìlànà náà ṣe wá fìdí wọn rẹmi? A kò tíì gbé ìkòkò ka iná, a ti ní ọbẹ̀ kò dùn.

Ẹnì kan lè sọ pé orílẹ̀-èdè wa ní èdè tí ó ju 500 lọ, pé Alímọ̀ṣọ́ nìkan, tí ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí, kún fún Ìgbò, Ẹ̀gùn, Haúsá àti àwọn mìíràn. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà Ìkòtun kí ẹ gbọ́ bí ọmọ Ìgbò ṣe ń fi Yorùbá ná ọjà. Níbi tí gbogbo ọmọ kíláàsì ti gbọ́ Yorùbá, kí ni ó dé tí a kò ní fi kọ́ wọn? Níbi tí èdè mìíràn bá ti pọ̀ jù, kí a lo tiwọn. Níbi tí ó bá sì ti dàrú pátápátá, ẹ jẹ́ kí a kúkú yé gbé pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn. Èyíinì kò gba owó, kò gba ìwé, kò gba mínísítà.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ àwa tí a pe ara wa ní ẹgbẹ́ Yorùbá. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Mélòó nínú wa ni ó ti mú ẹ̀dà òfin náà lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ṣe àwọn ìwé èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀, a sì dúpẹ́. Ti kẹ́mísìrì dà? Ti iná mànàmáná dà? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣègùn, ẹ jókòó ti àwọn onímọ̀ èdè bí Sugita ti jókòó ti ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní oṣù kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wa yìí kí àwọn ẹlòmíràn lè tún un ṣe.

Mo ń padà lọ sí Nagoya láìpẹ́. Mo ti lè ka ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pàǹtí báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gbé páálí kọ́ lọ́rùn kò ní ibi kankan tí yóò padà sí. Ilé rẹ̀ ni a ti ń sọ ọ́ di àlejò. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọkọ́ wa sọ̀kalẹ̀ láti àjà. Ìpẹta ti ń mú un, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.