Ọ̀rọ̀ Fíríìjì àti Owó Iná: Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ríran

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná mọ̀nàmọ́ná di náírà 225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan fún àwọn oníbàárà Band A ní Nàìjíríà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Nígbà tí Mínísítà fún iná mọ̀nàmọ́ná, Adébáyọ̀ Adélabú, ń gbèjà ìgbésẹ̀ náà, ó ní owó pọ́ọ́kú tí àwọn ènìyàn ń san tẹ́lẹ̀ ló mú kí wọ́n máa fi fírísà sílẹ̀ lórí iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kódà bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bí ará ìlú nínú, mínísítà sì tọrọ àforíjì.

Ìbínú náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fíríìjì kò dà bí fáànù tí ènìyàn lè pa nígbà tó bá ń jáde. Inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 4 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti fírísà gbọ́dọ̀ tutù dé ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo. Bí iná bá lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí ilẹ̀kùn, nǹkan bíi wákàtí 4 péré ni oúnjẹ inú fíríìjì fi lè wà láìséwu. Fírísà tó kún lè gbà á tó wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì lè gbà á tó wákàtí 24. Ní ilé tí iná ti ń lọ láìdágbére, ta ni yóò tún fọwọ́ ara rẹ̀ pa èyí tó kù?

Síbẹ̀, àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Díẹ̀ nínú owó iná tí àwọn onílé ń ké lé lórí, ẹ̀yìn fíríìjì ló ń gbà lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ kiri ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tú ooru síta. Bí eruku bá bò ó, tàbí tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, mọ́tò rẹ̀ kò sì ní sinmi. Bákan náà ni ti rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tó ti ya tàbí tó dọ̀tí. Kí onílé fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, kí ó tì í, kí ó wá fa bébà náà: bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, òtútù tí wọ́n fi owó rà ń jò síta nìyẹn.

Ẹ̀mí sì ju owó lọ. Bí iná bá lọ, omi ẹran tútù a máa kán sórí ọbẹ̀ àti èso tó wà nísàlẹ̀. Bí iná bá dé, gbogbo rẹ̀ á tún tutù, ojú kò ní rí nǹkan kan, imú kò sì ní gbọ́ òórùn. Òtútù kì í pa kòkòrò àrùn, ó kàn ń fà wọ́n sẹ́yìn ni. Kòkòrò Listeria, tó lè ba oyún jẹ́, a tilẹ̀ máa pọ̀ sí i nínú fíríìjì. Láàárín ọdún 2017 sí 2018, àìsàn tó ń fà pa ènìyàn tó lé ní 200 ní South Africa. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹran ni wọ́n tọpasẹ̀ tirẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ilé: ohun tó tutù lè má mọ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná, kí wọ́n kó oúnjẹ sínú kúlà, kí wọ́n sì jẹ́ kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ tí àwọn kan fi ń gbẹ́ yìnyín ló máa ń dá ihò sí páìpù, tí gáàsì fi ń jáde. Owó àtúnṣe rẹ̀ sì ju sùúrù wákàtí díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí ẹran tútù sì máa wà nínú abọ́ olómorí ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ yìí kò yẹ kó jẹ́ ti ìyàwó ilé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan. Ọkọ tó ń ṣí fíríìjì mu omi tútù lè nu ibi tó ti mú un.

Kí ìjọba pèsè iná tó dúró ṣinṣin, nítorí kò sí kànrìnkàn tó lè mú kí fíríìjì tutù láìsí iná. Ṣùgbọ́n kò sí iná, bó ti wù kó dúró tó, tó lè bá ẹnikẹ́ni fọ fíríìjì. Ti ìjọba wà lọ́wọ́ ìjọba. Ti inú ilé wà lọ́wọ́ onílé.