Ẹni Tí Ó Ná Ọjà Wa Ní Owó Pọ́ọ́kú

Opó kan fẹ́ ta ẹ̀rọ amúnáwá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, wọ́n gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ₦180,000 ni. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kọ̀wé pé ₦50,000 ni òun ní. Ni àwọn ọmọ bá da èébú bò ó: olójúkòkòrò, olè. Ìyá wọn wá béèrè lọ́wọ́ wa bóyá bẹ́ẹ̀ ni Islam wí.

Islam kò wí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ó ná ọjà kò jalè. Ta ni nínú wa tí kò tíì ná ọjà ní Gbági tàbí ní Ìdúmọ̀tà ní ìdajì iye tí wọ́n pè é? Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí fóònù, a kì í rí ojú ara wa, ẹnu a sì máa gbó.

Ibn Ishaq, tí ó kọ ìtàn Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a), sọ̀rọ̀ nípa ràkúnmí Jabir ọmọ Abdullahi. Baba Jabir kú sí ojú ogun Uhud ní ọdún 625, ó sì fi àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ fún un láti tọ́. Bí wọ́n ti ń bọ̀ láti ìrìn àjò ogun kan, Ànábì ní kí ó ta ràkúnmí rẹ̀ fún òun. Dirhamu kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ ná an! Jabir ní rárá, ìrẹ́jẹ ni yóò jẹ́ fún òun. Ó di méjì, Jabir tún kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ń fi kún un títí ó fi di uqiyya kan. Jabir kò bínú, Ànábì náà kò bínú. Nígbà tí wọ́n dé Medina, Ànábì san owó náà, ó fi kún un, ó sì dá ràkúnmí padà fún Jabir.

Ẹnu ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wọlé. Nínú Suratul A'raf, Ànábì Shuaib kìlọ̀ fún àwọn ará Madyan pé kí wọ́n má ṣe dín nǹkan àwọn ènìyàn kù. Al-Qurtubi, àlùfáà ńlá tí ó kú ní 1273, ṣàlàyé pé bíbu àbùkù lu ọjà ọlọ́jà wà nínú èyí. Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ dára, tí ó ń pè é ní pàǹtí, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Àwa tí à ń tà náà ńkọ́? A óò ní ẹnì kan ti ná an ní ₦150,000 láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ a kò rí ẹnì kankan. Irọ́ gbáà ni.

Kí àwọn ọmọ náà ya àwòrán ibi tí ẹ̀rọ ti họ. Bí ẹnì kan bá béèrè pé èló ni jálẹ̀, kí wọ́n ní kí ó wá wò ó ná, ní gbangba o, ní ọ̀sán. Bí owó bá kéré: "Kò tíì gbà, ẹ fi kún un." Ó tán. Ẹni tí ó ná ₦50,000 lónìí lè mú ₦140,000 wá lọ́la. Ẹni tí a bú kì í padà. Bí wọ́n bá sì ti fi ẹnu kò, kí wọ́n má ṣe torí ₦5,000 tí ẹlòmíràn gbé wá yẹ àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ogún ni ẹ̀rọ yìí. Lẹ́yìn gbèsè òkú, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti opó. Ti àwọn ajogún yòókù ni ìyókù. Bí ọmọ tí kò tíì bàlágà bá wà nínú wọn, ìyá kò ní àṣẹ láti fi ìpín ọmọ òrukàn ṣàánú oníbàárà. Kí ó béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò méjì tí ó mọ ẹ̀rọ, kí ó má sì jẹ́ kí ó wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àánú bá ṣe é, inú ìdá kan nínú mẹ́jọ tirẹ̀ ni kí ó ti yọ ọ́.